Ta Ló Kọ́ Ilé Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. A mọ̀ pé ìpàdé wa kì í parí ní agogo tí a bá sọ fún yín nílé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí àwa Alukoro sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n fi àdéhùn kan lé wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ báńkì, bó bá ti la ẹnu, èlé ló máa ń jáde níbẹ̀. A gbà fún wọn. A kò ní sọ̀rọ̀ owó lónìí, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, akápò wa sì ti mọ ibi tí yóò ti wọlé. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́, àti àwọn tí yóò bá wa kọ́ ọ.

Gbogbo wa mọ̀ pé a ti ra ilẹ̀, a ti mọ ògiri yí i ká, ìpìlẹ̀ ló kù. Nínú oṣù Kìíní ọdún yìí, ẹgbẹ́ rán àwa mẹ́ta lọ sí Èkó, Alága, Akọ̀wé àti àwa Alukoro, kí a lọ rí àwọn ayàwòrán ilé tí yóò yàwòrán gbọ̀ngàn náà, tí wọn yóò sì tún inú rẹ̀ ṣe, láti orí àga títí dé orí iná. Ẹ jẹ́ kí a ròyìn ohun tí a rí níbẹ̀ dáadáa, nítorí òun ló fa ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé oṣù Kejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ mọ ìdí tí oúnjẹ fi tutù lọ́jọ́ náà.

Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yábàá. A rò pé àwọn ọkùnrin tó so táì mọ́rùn ni a máa bá. Tábìlì gígùn kan ni a bá, ènìyàn mẹ́jọ yí i ká, ìwé àwòrán sì bo gbogbo ojú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé tíì wa lé. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, ọmọ Ọ̀wọ̀, Ifẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣírò bí òpó yóò ṣe gbé òrùlé dúró jẹ́ ọmọ Íbò, ó kàwé ní Nsukka. Títí débẹ̀ kò sí ohun tó yani lẹ́nu.

Ẹni tó ń bójú tó inú ilé, ìyẹn ọ̀dà, kọ́tìnnì, àga àti iná, nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Alága wa, tí kì í lè pa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́ra, bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan abẹ́rẹ́ pẹ̀lú kọ́tìnnì?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ìwòsàn ni òun ti kọ́ iṣẹ́ òun. Ó ní ẹni tó ń yàwòrán ilé máa ń rò pé ẹni tó dúró ló ń wo yàrá, ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó dùbúlẹ̀ ló ń wò ó, àjà ló sì ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ní òun ti rí i bí iná tó mọ́ jù lójú ṣe ń dá àgbàlagbà lágara, bí yàrá tí ohùn ń ró gbọnmọgbọnmọ nínú rẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí arúgbó dákẹ́, nítorí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, àwọn baba yín ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ àbí wọn ò wá?" A wo ara wa lójú. Nínú gbogbo ìwé tí a kó lọ, a kò kọ ọ̀rọ̀ àwọn baba sí i níbì kankan, àfi ibi àga ńlá wọn.

Bàbá kan jókòó sí ìkángun tábìlì náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìwé mẹ́fà ni bàbá náà kà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá wọn ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkúnlẹ̀ ló fi kí i, ó ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Wọ́n sọ fún wa pé àga kankan kì í jáde ní ọ́fíìsì yẹn tí bàbá kò bá tíì jókòó lé e fún wákàtí kan gbáko. Bí ẹ̀yìn bá dun bàbá, àga padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ń tẹ́ táìsì fún wọn ni ìjà wá dá lé lórí. Ọmọ Tógò ni. Gbogbo wa tí a ti kọ́lé nílẹ̀ yìí mọ̀ pé àwọn ará Kútọnu àti ará Tógò pọ̀ nídìí iṣẹ́ táìsì, ọwọ́ wọn sì mọ́. Nígbà tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́, nítorí ó dà bíi pé a gbọ́ ọ, ó sì tún dà bíi pé a kò gbọ́ ọ. A bi í léèrè ibi tó ti wá. Ó ní Atakpamé. Ó ní Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn òun lọ́hùn-ún, àti pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba àwọn sọ pé àwọn ti wá. Òtítọ́ ni. Àwọn ènìyàn yẹn wà ní àárín ilẹ̀ Tógò, èdè wọn sì bá tiwa tan. Akọ̀wé wa, tó jẹ́ pé ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ni kì í jẹ́ kí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ, ló bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ jù.

Bí a ṣe dé ni a jábọ̀. Kí a tó sọ̀rọ̀ tán, ọ̀kan nínú wa dìde. Ó wà níjòókòó báyìí, a gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó ròyìn rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, gbọ̀ngàn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni a ní kí ẹ lọ wá ẹni tó máa kọ́. Ẹ lọ kó nọ́ọ̀sì, Íbò àti ará Tógò jọ. Ṣé kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ táìsì tẹ́ ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín dáwọ́ dúró, nítorí a rí i pé ọ̀pọ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní owó àwọn ọmọ ìlú ló yẹ kó bọ́ àwọn ọmọ ìlú. Ìpàdé tú ká láìfẹnukò. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti ń jọ lọ sí Ojúde Ọba láti kékeré kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà, a ó padà dé orí ìdajì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba Èkó lọ, sí ọdún 1894.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà, wọ́n ṣí mọ́sálásí kan ní àdúgbò Ẹrẹ́kò, ní Erékùṣù Èkó. Mọ́sálásí Shitta-Bey ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ń ná ọjà ní Ìdúmọ̀tà lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀, iṣẹ́ ọnà tó wà lára ògiri rẹ̀ àti ojú fèrèsé rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ yóò mú yín rántí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà. Kì í ṣe ojú yín ló ń tàn yín.

Ta ló kọ́ ọ? Ẹni tó náwó rẹ̀ ni Mohammed Shitta. Sàró ni. Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Àgbádárìgì ni wọ́n gbà padà wálé, òun sì di oníṣòwò ńlá ní Èkó àti létí odò Ọya. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé náà fún ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Bràsíìlì wá sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ èdè Potogí: João Baptista ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ló bá àwọn mùsùlùmí Èkó kọ́ mọ́sálásí! Ẹni tó sì bá a ṣe é ni Sanusi Aka, bíríkìlà ọmọ ilẹ̀ yìí, tí kò ti Bràsíìlì bọ̀.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Gómìnà Gilbert Carter ló jókòó sórí àga alága. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú orúkọ yẹn. Carter yìí kan náà ló rán ọmọ ogun sí wa ní 1892, tí ogun Ìmàgbọn fi wáyé. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ogun yẹn àti ìṣílé yìí. John Otonba Payne wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun tí wọ́n bí sí Sierra Leone, ṣùgbọ́n tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Ìjẹ̀bú. Edward Wilmot Blyden wà níbẹ̀, Kristẹni, ọmọ erékùṣù St. Thomas ní Karibíà. Láti Liverpool ni lọ́yà kan ti wá, William Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Ìsìlámù. Sultan ilẹ̀ Túúkì, Abdul Hamid Kejì, ló rán an pé kó wá fi Shitta joyè Bey. Ibẹ̀ ni orúkọ Shitta-Bey ti wá. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ wa bá wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí yẹn ní 1892, tó sì dìde láti béèrè pé ṣé kò sí mùsùlùmí tó mọ ilé kọ́ ni, wọn ì bá dá a lóhùn pé ó wà, ó ń jẹ́ Sanusi, ó sì wà lórí iṣẹ́ pẹ̀lú Jòhánù.

Báwo ni àwọn Àgùdà ṣe mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìtàn náà kì í ṣe ìtàn ayọ̀. Ogun ló kó àwọn baba wọn, tí wọ́n tà wọ́n sí Bàhíà. Níbẹ̀, àwọn kan di bíríkìlà, àwọn kan di gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn kan di télọ̀, lábẹ́ ẹrú. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dì ní Salvador ní 1835, ìjọba ibẹ̀ fúngun mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ra ara wọn padà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ wálé. Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kọjá 1888 tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì. A kò ní fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà: àwọn kan wà nínú àwọn Àgùdà àkọ́kọ́ tí àwọn fúnra wọn ṣòwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní ẹrù kankan lọ́wọ́ tó ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, kò sì sí oníbodè tó lè gba owó bodè lórí ìyẹn.

João Esan da Rocha jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ Ilẹ́ṣà ni, wọ́n jí i gbé ní kékeré, ó dàgbà sí Bàhíà, ó sì padà sí Èkó pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ilé wọn ní òpópónà Kakawa ni wọ́n ń pè ní Ilé Olómi, nítorí kànga rẹ̀. Ilé náà wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Èdè mẹ́ta ni a lè máa gbọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan: Potogí, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjẹ̀ṣà.

Nídìí iṣẹ́ inú ilé náà, wọn kò kẹ̀rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà nínú wọn, Balthazar dos Reis, tó kan tábìlì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹ wò ó, Èkó ni wọ́n ti kan tábìlì náà. Àwa tí a ń gbé àga Ṣáínà wọlé lónìí, ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kò dúró sí Èkó, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀rẹ́ wa. Àwọn ọ̀gá Àgùdà gba ọmọṣẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn náà di ọ̀gá, wọ́n tún gba ọmọṣẹ́. Bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olópòó, tó ní fèrèsé kọrọdọ àti òdòdó sìmẹ́ǹtì lára ògiri, ṣe dé Abẹ́òkúta nìyẹn, bó ṣe dé Ìbàdàn àti Ilẹ́ṣà, bó sì ṣe dé àdúgbò tiwa níbí. Nínú wa tí a wà níjòókòó, ó tó ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rò pé baba ńlá àwọn ló dá àrà náà. Ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, mọ́sálásí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912, tí wọ́n parí ní 1935, rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà gẹ́lẹ́. Àjèjì kan wá, ó kọ́ ọmọ onílé níṣẹ́, lẹ́yìn ìran méjì kò sí ẹni tó rántí pé iṣẹ́ àjèjì ni.

Kì í sì ṣe ayé àtijọ́ nìkan. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Delta, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé. Àwòrán kíkùn ló kọ́ ní Zaria, iṣẹ́ orí ìtàgé ló sì lọ kọ́ ní Paris. Ìbàdàn ló jókòó sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican tí àwọn òyìnbó ń wá wò títí dòní. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní Òṣogbo, nínú igbó Ọ̀ṣun, Adebisi Akanji tó bá Susanne Wenger mọ ọ̀pọ̀ ère ńláńlá wọ̀nyẹn, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa tó tọ̀nà ni pé àwọn ọmọ wa kò níṣẹ́ lọ́wọ́. A rí wọn. Àwa tí a wà ní báńkì ń rí wọn lójoojúmọ́: wọ́n ń ya ẹgbẹ̀rún mélòó kan láti fi ra ọ̀kadà, tí ọ̀kadà bá bàjẹ́, gbèsè ló kù. Ohun tí ìgbìmọ̀ wa wá bá àwọn ayàwòrán ilé náà fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n kó àwọn èèyàn wọn wá, ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ọmọṣẹ́ méjì láti ìlú yìí fún gbogbo àsìkò tí iṣẹ́ bá fi ń lọ. Ará Atakpamé ló kọ́kọ́ gbà. Ó ní ṣùgbọ́n kí a má mú ọmọ tó ń tẹ fóònù wá fún òun. Ọ̀rẹ́ wa tó dìde ní ìpàdé oṣù Kejì ni a fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yan àwọn ọmọ náà, ó sì ti dá mẹ́ta padà nítorí fóònù.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló wù wá jù láti sọ, òun náà ló sì nira jù fún wa láti sọ.

Báwo ni a ṣe mọ orúkọ da Costa àti Sanusi Aka àti dos Reis? Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n kọ orúkọ wọn sára ògiri. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n ni pé oníròyìn kan, A. B. Laotan, tó tan mọ́ àwọn Àgùdà, jókòó ní 1943, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa wọn, ó sì to orúkọ àwọn bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà síbẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ ńkọ́? Ilé nìkan ni ì bá kù, ilé pàápàá kì í sì í dúró títí. Ilé àwọn Fernandez ní Tinubu Square, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar, ni ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n wó o palẹ̀. Ọdún tó lé ní ọgọ́jọ ni wọ́n kà sí ilé náà lára, kò sì gbà ju ọjọ́ kan lọ.

Ní ọdún karùn-ún ẹgbẹ́ yìí, a kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín. Gbogbo yín rántí ọjọ́ náà, a wọ aṣọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ omi òkun. A gbé òkúta ìrántí sí ara ògiri. Orúkọ mẹ́rìnlá ló wà lára rẹ̀: baba ìsàlẹ̀, ìyá ẹgbẹ́, alága, igbákejì, títí dé orí Alukoro. Àwa ni a kọ ọ̀rọ̀ ara òkúta yẹn. Ọwọ́ wa ni a fi kọ ọ́, lórí tábìlì ní báńkì, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, a sì rí i dájú pé wọn kò ṣi orúkọ tiwa kọ.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, tó ti fẹ̀yìn tì, bá wa pàdé níbi ìnáwó kan. Lẹ́yìn tí a kí ara wa, ó ní ohun kan wà tí òun kò lè sọ fún wa nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní lọ́dún tí a kọ́ ilé náà, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun ló kọ́ kíláàsì àwọn. Àwọn ọmọ bá kó ara wọn lọ sídìí òkúta. Wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. Wọn kò rí orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ọmọ Òkúta". Ó ń sunkún lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá olùkọ́ ní òun mọ̀ pé òótọ́ lọmọ náà ń sọ, nítorí ojú òun ni bàbá rẹ̀ ṣe mọ ògiri yẹn. Ó wò wá lójú, ó ní, "Alukoro, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yẹn? Ṣé kí n sọ pé òkúta ló parọ́ ni?"

A kò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí a délé, a gbé ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ ti ọdún náà sílẹ̀. Iye àpò sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Iye páànù wà níbẹ̀, iye ìṣó pàápàá. Nídìí iṣẹ́ bíríkìlà, ohun tí a kọ kò ju "owó iṣẹ́" lọ, pẹ̀lú iye. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kọ ọ́ ní báńkì. Bí ẹnìkan bá wá yá owó ilé, a ó béèrè orúkọ ayàwòrán ilé, a ó béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, a ó béèrè oníduròó méjì. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, a kò tíì béèrè rí pé ta ni yóò mọ ògiri náà.

Nínú fóònù akápò wa ni a ti rí nọ́ńbà rẹ̀ níkẹyìn. "Bàbá Bíríkìlà" ló fi pamọ́. A wá bàbá náà lọ sí Ṣágámù, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. A ṣàlàyé fún un, a bẹ̀ ẹ́. Ó fetí sílẹ̀, ó ń fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú garawa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, orúkọ tèmi kì í ṣe nǹkan. Ọmọ yẹn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀." Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó pè wá padà. Pẹ̀lú ìtìjú, ó rán wa létí pé owó díẹ̀ ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ yẹn tí a kò tíì san fún òun. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí rẹ̀! Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó tí a ní yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan. Akápò ti san án, ó fi èlé sí i, àwa fúnra wa ni a ṣírò èlé náà, ní iye tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ yín gan-an.

Òkúta tuntun ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Orúkọ wa mẹ́rìnlá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wa kò gbà kí a yọ ọ́, a kò sì fẹ́ ìjà mìíràn. Ṣùgbọ́n lókè wọn ni a fi orúkọ bíríkìlà sí, lẹ́yìn náà káfíńtà, lẹ́yìn náà ẹni tó kan páànù, àti àwọn lébìrà méjì tí bàbá náà rántí orúkọ wọn. Ẹ̀kẹta kò sí ẹni tó rántí tirẹ̀, a ṣì ń wá a. Bí ẹnìkan níjòókòó bá mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó ń gbé kọnkéré ní àdúgbò yìí nígbà yẹn, kó jọ̀wọ́ rí wa kó tó lọ.

Ọmọbìnrin náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. A lọ kí i, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè bóyá wọn yóò kọ orúkọ bàbá òun pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí wọ́n máa ń ṣì í pè. A sọ fún ẹni tó ń gbẹ́ òkúta, ó ní yóò fi owó kún un. A gbà.

Ní ti gbọ̀ngàn wa, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ń jáde. Ẹ má fọwọ́ sí i o, kì í ṣe ìwé àlejò. Ibi iṣẹ́ ni yóò máa wà láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹni tí kò bá lè kọ, ọmọṣẹ́ yóò bá a kọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tó gbẹ́ kànga ni. Ọ̀kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan láti Kétu, ọ̀kan láti Ìwó.

Wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀, ti ọ̀tẹ̀ yìí kò ní tutù.